Gbèsè Àlejò: Ohun Tí Ìtàn Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Wa

   

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síwájú yín jẹ mọ́ àlejò: ẹni tí ó ń bá wa gbé, tí ó ń bá wa ná, tí ó ń bá wa tà, ṣùgbọ́n tí òfin lè ké sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé kí ó dìde, kí ó máa lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àwọn ìlú wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìkìrun onílé obì, Ìnísà àti Òkukù, àwa tí a jọ ń mu omi Ọ̀tìn, ti fi ojú ara wa rí gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jẹ́ àlejò láyé. A ti sá àsálà rí, a ti gba asásàlà rí; a ti ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀, wọ́n sì ti lé wa níbẹ̀; ọjọ́ sì ti dé tí orílẹ̀-èdè tiwa lé ẹlòmíràn, tí àwa tó yẹ kí a sọ̀rọ̀ dákẹ́. Gbèsè kan wà lọ́rùn wa nítorí ìwọ̀nyí, gbèsè kì í sì í jẹrà.

Ogun àti Àsálà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí ogun Ìlọrin, ti Ìjẹ̀ṣà, ti Èkìtì àti ti Ìlá ti dó ti Ìkìrun, ni ogun Ìbàdàn, lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n, já lù wọ́n, tí ó sì tú wọn ká. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sá padà lọ sọ́nà Ìlọrin ló já sínú odò Ọ̀tìn tí omi sì gbé wọn lọ, òun ni a fi ń pe ogun náà ní Jálumi títí di òní olónìí.

Akọni àti ìṣẹ́gun ni a sábà máa ń sọ nípa ogun yìí. Èmi fẹ́ kí a wo apá kejì rẹ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù Ìlọrin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀dọ̀ lórí òróńró sùn mọ́ ní àgbègbè Odò-Ọ̀tìn, gbogbo Òkukù tú kúrò nílé, ọba àti ará ìlú, wọ́n kó wọ Ìkìrun, níbi tí odi wà tí ọmọ ogun Ìbàdàn sì wà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ogun tó tẹ̀ lé Jálumi fi parí, ní ọdún 1893, nígbà tí Carter, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tú ibùdó àwọn jagunjagun ká, tí ọ̀nà wá là fún olúkúlùkù láti padà síbi tí ó ti wá. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí wọ́n wọ Ìkìrun ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó fi ojú kan ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ẹ rò ó dáadáa. Ẹni tí ó gba àlejò ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gba ẹni tí yóò jẹ oúnjẹ alẹ́ kan kí ó tó máa lọ. Ó gba ẹni tí yóò gé igi nínú igbó rẹ̀, tí yóò pọn omi nínú odò rẹ̀, tí yóò gbin iṣu sí ilẹ̀ rẹ̀, tí yóò bímọ sí ìyẹ̀wù rẹ̀, tí yóò sì sin òkú rẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀. Kò sí bí gbólóhùn asọ̀ kò ti ní wáyé láàárín onílé àti àlejò tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ahọ́n àti eyín tó jọ ń gbé, wọ́n ń jà. Síbẹ̀ nígbà tí ó yá, Òkukù padà sílé pẹ̀lú ọba rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ìkìrun kò gbé e mì.

N kò sọ èyí kí a lè máa fi yangàn. Ogun kan náà tó kó asásàlà wọ inú odi ló kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lọ sóko ẹrú, àwọn baba wa sì wà nínú àwọn tó rà, wọ́n wà nínú àwọn tó tà. Àwọn náà ló sì fi òwe sílẹ̀ fún wa pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a kò mọ ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò ní ìdílé. Wọn kì í fìgbà gbogbo hu ìwà tí ó bá ìmọ̀ náà mu.

Ọ̀nà Gánà

Nígbà tí ogun parí, ọ̀nà là. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá kí ó tó dé Jẹ́bà ní 1909, ọjà dé, owó-orí dé, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà jíjìn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìgbẹ̀tì, Ṣakí, àti láti Ìnísà níhìn-ín, wọ́n rọ́ lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, èyí tí a sọ di Gánà nígbà tí ó gba òmìnira ní 1957. Wọ́n ṣòwò ní Kùmásì, ní Àkírà àti ní Tàmálè lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ tánganran, iyọ̀, ìpara, abẹ́rẹ́ àti òwú. Àwọn mìíràn wa ilẹ̀ ní Akwatia níbi tí dáyámọ́ǹdì wà. Aláwo ń wá egbò, oníṣòwò ń wá èrè. Ibi tí onílé kò fẹ́ kó igbá lọ nítorí jíjìn àti eruku, ibẹ̀ ni àwọn tiwa ń gbé e lọ.

Wọn kò sì lọ bí ẹyẹ tó kàn bà lórí igi. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n yan olórí Yorùbá ní ìlú tí wọ́n wà, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì tẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà, tó fi jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún èdè Yorùbá ni a fi ń wàásù níbẹ̀. Owó tí wọ́n rí ni wọ́n fi ń kọ́lé sílé, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì fi ń rán ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò lọ sílé ìwé. Nígbà tí ìjọba Gánà ka ènìyàn ní 1960, nínú 6,700,000 tó lé díẹ̀ tí wọ́n kà, bí 827,000 ló ti ilẹ̀ òkèèrè wá tàbí tí àwọn òbí wọn ti ibẹ̀ wá, àwọn Yorùbá nìkan sì tó 100,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tilẹ̀ mọ ibòmíràn. Kùmásì ni wọ́n bí wọn sí, èdè Twi dá lẹ́nu wọn, orúkọ Kofi àti Ama sì bá wọn mu bí Òjó àti Àìná ti bá wọn mu.

Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí oyè, pàṣẹ pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Èwo ni ìwé ìgbélùú fún ẹni tó ti wá láti ìgbà ayé Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọba kan náà ni Èkó àti Àkírà ń sìn, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Èwo sì ni fún ọmọ tí a bí síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe sí ìyá aláṣọ kan ní ọjà Tàmálè. Òwò aṣọ nígbà náà, òwò àwìn ni. Ó gba ìdì aṣọ láwìn lọ́wọ́ ọlọ́jà ńlá, ó sì tà á láwìn fún àwọn ará abúlé tó máa san nígbà tí wọ́n bá kórè. Èrè rẹ̀ kò sí lápò, ọ̀rọ̀ ẹnu ló wà: nínú ìlérí obìnrin tó mú òṣùwọ̀n mẹ́fà, nínú ẹ̀jẹ́ ọkùnrin tó ní òun yóò dé ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí rédíò ka àṣẹ náà, gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó mọ̀ pé bí òun bá lè fara pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, gbèsè ti parí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ kò dá a lóhùn títí di ọjọ́ kejìlá, nígbà tí ó mọ̀ pé yóò gba ohunkóhun tí òun bá mú wá. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó rà, ó di ohun tí wọ́n ń fi owó mọ́tò rà. Owó mọ́tò fúnra rẹ̀ sì ń lọ sókè lójoojúmọ́. Ó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò lọ́wọ́, ó gba Tógò, ó gba Dàhòmì, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí Nàìjíríà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà.

Ojú àwọn tí ó wà nílé ló tó ìyókù. Ẹni tí a ti ń retí pé yóò fi aṣọ àrà wọlé nígbà ọdún ló wọlé pẹ̀lú ẹní kan àti ọmọ márùn-ún tí kò gbọ́ ohun tí ìyá-ìyá wọn ń sọ. Ilé tí ó fi owó rẹ̀ kọ́ ti kún fún mọ̀lẹ́bí. Àwọn ọmọdé ilé ìwé ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ará Gánà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Gánà ti pè wọ́n ní ará Nàìjíríà.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa àwọn ará Gánà pẹ̀lú. Àwọn kan wà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń dúró de ìsọ̀ tó máa ṣófo. Àwọn kan sì wà tó sunkún tẹ̀lé aládùúgbò wọn dé ibùdókọ̀, tí wọ́n tọ́jú ilé fún un, tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Òfin kan ló jáde. Ìwà tí ènìyàn fi gbà á kò dọ́gba.

Kí ló fà á? Gbèsè ìjọba àná wọ ìjọba tuntun lọ́rùn, iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí ebi ń pa ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù, àlejò ló sì sún mọ́ ọn jù, nítorí pé ó ń tajà lójú títì, a ń rí i, kò sì ní ìbò tí yóò dì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣe òfin tó fi àwọn òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ ìbílẹ̀ nìkan. Ǹjẹ́ ara dẹ Gánà? Rárá. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí i pé ọwọ́ kò tó láti kó kòkó, tí wọ́n sì ní kí àwọn alágbàṣe inú oko kòkó dúró. Kí ọdún mẹ́ta sì tó pé, ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1972, àwọn ológun lé Busia fúnra rẹ̀ kúrò lórí oyè.

Ohun Tí Ilẹ̀ Faransé Fi Kọ́ Ayé

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú nǹkan báyìí ń bá jà. Ilẹ̀ Faransé ni ó kéde ní 1789 pé a bí gbogbo ènìyàn ní òmìnira tí wọ́n sì dọ́gba. Ní 1791 ó sọ àwọn Júù inú rẹ̀ di ọmọ ìlú pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1940, tí ìjọba Faransé lábẹ́ Pétain sì tẹ̀dó sí Vichy, ọwọ́ àwọn Faransé fúnra wọn ni wọ́n fi kọ òfin tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé àwọn tó ti di ọmọ ìlú láti 1927 wò, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn tó lé ní 15,000. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n lé Júù kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n sì fún àwọn aláṣẹ àgbègbè lágbára láti há Júù tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ mọ́ àgọ́.

Ní ọjọ́ 16 àti 17 oṣù keje ọdún 1942, ọlọ́pàá Faransé kó 13,152 Júù ní Paris, àwọn ọmọdé inú wọn lé ní 4,000. Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti bí púpọ̀ nínú àwọn òbí. Ní Faransé ni wọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ. Pàṣán tí a fi na ìyálé sì ń bẹ lájà fún ìyàwó: àwọn tó rò pé àjèjì nìkan ni òfin náà ń wá rí i pé ó kan ọmọ ìbílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí nínú bí 76,000 tí wọ́n kó kúrò ní Faransé lọ sí àgọ́ ikú, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ ọmọ Faransé. Àwọn tó padà wá láàyè kò ju bí 2,500 lọ. Ọdún 1995 ni Ààrẹ Chirac tó gbà ní gbangba pé ìjọba Faransé lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ́yìn ìkólọ ti Paris.

N kò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà wé èyí. Àwọn tiwa pàdánù ohun ìní, wọ́n sì wálé. Àwọn yẹn kò wálé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà méjèèjì jọra: ìwé kan tí a kò béèrè rí, tí a wá béèrè lójijì lọ́wọ́ ẹni tí kò ní in.

Abúlé kan wà ní orí òkè ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, Le Chambon-sur-Lignon ni orúkọ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún ìṣòro yẹn, àwọn ará ibẹ̀, pẹ̀lú olùṣọ́-àgùntàn wọn André Trocmé, gba àwọn Júù sílé, wọ́n tọ́ wọn ní ilé ìwé, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí abà, wọ́n sì kọ̀ láti fi wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kí ló dé tí ó jẹ́ wọn? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí Ọba Louis kẹrìnlá gba ẹ̀tọ́ ìjọsìn lọ́wọ́ wọn ní 1685, tí púpọ̀ sá kúrò ní Faransé, tí àwọn tó kù sì ń ṣe ìsìn nínú igbó. Ó ti lé ní igba ọdún, wọn kò gbàgbé. Ìtàn àwọn baba wọn wà ní ẹnu wọn débi pé nígbà tí asásàlà kan ilẹ̀kùn, wọ́n mọ ẹni tó ń kànkùn.

Nígbà Tí Ó Kan Àwa Náà

Àwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari kéde láti ẹnu Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Iye àsìkò tí wọ́n fún wọn? Ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti já wálẹ̀, ọdún ìdìbò sì ni. Àwọn ará Gánà, tí àwọn nìkan tó bí mílíọ̀nù kan, olùkọ́ ọmọ wa, bíríkìlà wa, alátùn-únṣe bàtà wa, di ẹrù wọn sínú àpò onílà tí a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà, ẹnubodè Gánà ti wà ní títì láti ọdún tó kọjá, Tógò sì ti tirẹ̀ pa, wọ́n sì wà ní Bẹ̀nẹ̀ nínú oòrùn àti ìrì títí Rawlings, olórí ìjọba Gánà, fi ṣí ẹnubodè ní òpin oṣù náà. Orílẹ̀-èdè wa sì ti buwọ́ lu àdéhùn ECOWAS ní Dakar ní 1979 pé ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Buhari tún lé ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún mẹ́tàlá péré ló wà láàárín ìgbà tí àwọn tiwa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ojú wọn pọ́n àti ìgbà tí àwọn ará Gánà gun ọkọ̀ tiwọn. Àwọn tí wọ́n lé ní Tàmálè ṣì wà láàyè nígbà náà, wọ́n sì lágbára. Àwọn kan nínú wọn fún àlejò lómi, wọ́n sì bá wọn tọ́jú ẹrù. N kò fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìlú, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, gẹ́gẹ́ bí ìjọ Kristẹni àti ìjọ Mùsùlùmí, a kò gbé ohùn sókè. Púpọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀san ni. Ẹ̀san lára ta? Bíríkìlà tí kò ju ọmọdé lọ ní 1969 kò lé ẹnikẹ́ni. Shagari wọlé ìdìbò ní ọdún náà, àwọn ológun sì lé e kí ọdún tó parí. Lílé àlejò kò mú owó epo gòkè ní kọ́bọ̀ kan.

Ohun Tí Ó Kù Fún Wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àlejò kún ìlú wa lónìí. Ìgbìrà àti Àgàtú ń kọ ebè nínú oko wa. Haúsá ń ta àlùbọ́sà ní ọjà wa. Ìgbò ń ta ohun èlò ọkọ̀. Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ láàárín wa. Fúlàní ń da ẹran kọjá. Bí ẹran bá jẹ oko olóko, kí a mú ẹni tó da ẹran náà, kí ó san owó oko. Bí ẹnikẹ́ni bá jí ènìyàn gbé, kí òfin mú un bí ó ti yẹ kí ó mú ọmọ ìbílẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ẹni tó ń sọ èdè rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni Gánà gbà, ọ̀nà yẹn ni àwa náà gbà, ọ̀nà yẹn ni Faransé gbà dé ibi tí wọn kò rò.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù, tètè lọ gba ìtàn lẹ́nu àwọn tó ti Gánà dé, nítorí ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé ní àádọ́rin lónìí, ọjọ́ ń lọ. Kí a kọ ìtàn ìbùgbé Òkukù ní Ìkìrun mọ́ ọn, kí a sì máa kọ́ ọmọ wa ní méjèèjì nílé ìwé. Èkejì, kí a máa kọ àdéhùn ilẹ̀ àti ti ìsọ̀ sílẹ̀ fún àlejò lójú ẹlẹ́rìí, kí ó má ṣe di pé bí ara bá ni wá, ẹnu lásán ni a ó fi gba ohun tó ṣiṣẹ́ fún. Ẹ̀kẹta, bí ìjọba kankan, ti òní tàbí ti ọ̀la, bá tún kéde ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹnikẹ́ni, kí ohùn àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé kò tọ́ ti ibí jáde, láti ààfin wá sí mọ́ṣáláṣí, láti mọ́ṣáláṣí dé ṣọ́ọ̀ṣì, dé ọjà.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun kò mọ bí ó ti rí. Ìkìrun mọ̀ ọ́n, Ìnísà mọ̀ ọ́n, Òkukù mọ̀ ọ́n. Ìlú tí wọ́n ti gbà sílé rí, tí wọ́n sì ti lé jáde rí, kò ní àwíjàre níwájú àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a san gbèsè náà nígbà tí a ṣì lè san án.